Kí Ni Òdòdó Ń Wá Nínú Orin Ìfẹ́?

Ní òde ìgbéyàwó nílùú Ìlọrin, bí wọ́n bá ti so yìgì tán, tí àwọn àlùfáà ti ṣàdúà, tí oúnjẹ ti ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, orin ìfẹ́ ló kù. A kì í sì í gbọ́ orin mẹ́ta tán kí ẹnì kan tó pe ìyàwó ní òdòdó. Òdòdó ayé mi, òdòdó inú ọgbà mi, òdòdó tí kò lẹ́gbẹ́. Inú àwọn ọ̀dọ́ á máa dùn. Àwọn ìyá tó jókòó lábẹ́ kánópì, tí wọ́n ti pẹ́ nílé ọkọ, á wo ara wọn lójú. Òdòdó tí oòrùn ọ̀sán kan lè pa, ṣé òun ni wọ́n fi ń yin ọmọge?

Ìbéèrè gidi ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà, mo sì ti gbọ́ èyí tó fara jọ ọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Tánkẹ̀, tí wọ́n máa ń ra róòsì oníke ní oṣù Fẹ́búárì, tí wọ́n mọ̀ pé pupa ló ń jẹ́ ìfẹ́, àmọ́ tí wọn ò mọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ wà tí òdòdó ń ṣe nínú orin. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ wa lójú ni pé iṣẹ́ náà ju ẹyọ kan lọ, olórin kan náà sì lè pààrọ̀ rẹ̀ fún un láàárín ẹsẹ kan sí èkejì.

Bí mo ṣe ń tú u nìyí: ohun tí wọ́n bá ṣe sí òdòdó náà ni kẹ́ ẹ máa wò. Bí olórin bá ní òun ń bomi rin òdòdó òun láàárọ̀ lálẹ́, ó ń ṣèlérí ìtọ́jú. Bí ó bá ní òun rí òdòdó kan lọ́nà, òun sì já a, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀: ó ti mú nǹkan, ohun tí a bá sì já kì í pẹ́ rọ. Ẹ tẹ́tí sí irú orin bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìlù rẹ̀ lè máa dún bí ìlù ayọ̀, kó jẹ́ pé ọkùnrin tó fẹ́ ọmọge fún ìgbà díẹ̀ ló ń sọ tẹnu rẹ̀. Bí ó bá ń wo òdòdó láti òkèèrè, tí kò fọwọ́ kàn án, ìfẹ́ tí kò tíì rí èsì ni. Bí òdòdó bá ń rọ, ó lè jẹ́ pé ìfẹ́ ti ń tutù, ó sì lè jẹ́ pé olórin ń rán olólùfẹ́ rẹ̀ létí pé ọjọ́ ń lọ. Bí ẹ bá gbọ́ ẹ̀gún, ẹ mọ̀ pé ẹni tí a fẹ́ náà lè ṣe wá léṣe.

Irú ìgbọ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa rárá. Ẹ wo oríkì tí à ń pe àwọn obìnrin wa láti Ìlọrin títí dé Òmù-Àrán. Àbẹ̀kẹ́, ẹni tí a bẹ̀ ká tó rí i kẹ́. Àdùkẹ́, ẹni tí gbogbo ilé ń dù láti kẹ́. Àjọkẹ́, ẹni tí a jọ ń kẹ́. Kò sí èyí tó sọ bí ọmọ náà ṣe rí lójú nínú wọn. Ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe sí i ni gbogbo wọn ń sọ. Ìfẹ́ tí à ń pè lórúkọ lédè wa, ìfẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dá àwọn ìyá yẹn lóhùn. Kí òdòdó tó gbilẹ̀ nínú orin wa, kí ni wọ́n fi ń yin ẹni tí wọ́n fẹ́? Iyọ̀ ni, oyin ni, ìlẹ̀kẹ̀ ni, aṣọ ni, ẹyẹ ni. Adúmáadán, eyín funfun bí òwú, ìbàdí tó gba ìlẹ̀kẹ̀. Olólùfẹ́ a di àdàbà, a di òkín, a di aṣọ tí a fi bo àṣírí. Ìlú Ìlọrin fúnra rẹ̀, bí wọ́n bá ń kì í, Ìlọrin Àfọ̀njá ẹnu dùn ju iyọ̀ ni. Dàdàkúadà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin tí àwọn bíi Odòlayé Àrẹ̀mú àti Jáígbadé Àlàó fi gbajúmọ̀, orí oríkì ló dúró lé, oríkì a sì máa mú ẹni tí wọ́n ń kì lọ sílé baba rẹ̀, sọ́dọ̀ àwọn tó bí i, sídìí ohun tí wọ́n gbé ṣe. Ìlẹ̀kẹ̀ kì í rọ. Iyọ̀ kì í kú. Aṣọ àlàárì wà nínú àpótí ìyá títí ọmọ fi máa gbà á. Ẹni tó dàgbà sínú irú àfiwé báyìí, tó wá gbọ́ pé òdòdó ni wọ́n pe ọmọ òun, bó bá fajú ro, mi ò dá a lẹ́bi.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa ò rí òdòdó. Wọ́n rí i, ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọmọ Ìgbómìnà pé òdòdó wo ló mọ̀ jù, ọbẹ̀ ló máa bá yín sọ. Ìṣápá! Ìgbà tí ewé òdòdó rẹ̀ bá ti já bọ́, tí èèpo tó gbé e dúró bá wá ń wú, tó ń sanra, ìgbà yẹn ni wọ́n ń ká a. Èyí tó funfun ni wọ́n máa ń bọ̀ pẹ̀lú káún, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fún un, wọ́n á tún fọ̀ ọ́ kí kíkan rẹ̀ lè rọlẹ̀, kí ẹ̀gúsí àti irú àti ẹja gbígbẹ tó bá a nínú ìkòkò. Èyí tó pupa ló ń di sóbò tí wọ́n ń tà nínú ike káàkiri ìgboro Ìlọrin. Bí ẹnì kan bá lọ já òdòdó ìṣápá lọ́jọ́ tó tanná, tó fi rán ọmọge, ọbẹ̀ ilé nìyẹn lọ. Bákan náà ni ilá. Ẹni tó já òdòdó ilá, ilá ló já.

Òṣíbàtà ńkọ́? Ojú omi ló ń gbé, òdòdó rẹ̀ a sì yọ sókè láàárín ewé pẹrẹsẹ, ó lẹ́wà débi tí ènìyàn á dúró wò ó. Nínú àdúrà wa, kí ni wọ́n rí lára rẹ̀? Ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Bó ṣe lékè ni wọ́n mú, àdúrà ìṣẹ́gun ni wọ́n fi í ṣe. Lápá ibòmíràn ní Áfíríkà yìí kan náà, ní Íjíbítì, nínú orin ìfẹ́ tí wọ́n kọ sórí páńpírọ́ọ̀sì ní nǹkan bíi 3,000 ọdún sẹ́yìn, ìbátan òṣíbàtà ni wọ́n fi ń ṣàpèjúwe ìka ọwọ́ obìnrin. Ìran ewéko kan náà ni, ojú tí wọ́n fi wò ó ló yàtọ̀.

Jack Goody, onímọ̀ àṣà ará Gẹ̀ẹ́sì tó ti bá àwọn ènìyàn gbé ní àríwá Gánà, gbé ìwé kan jáde ní 1993, The Culture of Flowers, tó fi bèèrè ìdí tí òdòdó kò fi rí àyè púpọ̀ nínú ẹ̀bùn, ọ̀ṣọ́ àti ẹ̀sìn ní ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà. Lára ohun tó sọ ni pé òdòdó jẹ́ ìlérí èso lójú àgbẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń dìídì gbìn fún ara rẹ̀. Mo gbà á lórí ọ̀rọ̀ èso. Ọbẹ̀ ìṣápá jẹ́ ẹ̀rí.

Báwo ni òdòdó ṣe wá dé inú orin wa nígbà náà? Ọ̀nà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ìdí sì nìyẹn tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò fi dúró sójú kan.

Ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ ará Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti Ọ̀rọ̀ mọ̀ jù. Bíbélì Yorùbá jáde lódindi ní 1884, Orin Sólómọ́nì sì wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń kà á máa ń rò pé ọkùnrin ló ń yin obìnrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ lọ wo orí kejì: obìnrin náà ló kọ́kọ́ fẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní ìtànná Ṣárónì àti lílì àfonífojì. Ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbè é lẹ́sẹ̀ ni, ó ní bí lílì láàárín ẹ̀gún ló rí láàárín àwọn ọmọbìnrin yòókù. Ní orí kẹrin, ó pè é ní ọgbà tí a tì àti orísun tí a fi èdìdì dì, ó wá ka àwọn igi olóòórùn dídùn tó wà nínú ọgbà náà. Ibi tí mo fẹ́ràn jù wà ní ẹsẹ kẹrìndínlógún. Obìnrin náà pe afẹ́fẹ́ àríwá àti ti gúúsù pé kí wọ́n fẹ́ sórí ọgbà òun, kí òórùn rẹ̀ lè tàn kálẹ̀, lẹ́yìn náà ló ní kí olùfẹ́ òun wá sínú ọgbà rẹ̀, kó jẹ èso rẹ̀. Nínú ẹsẹ kan ṣoṣo, ọgbà òun ti di ọgbà tiẹ̀. Ọwọ́ obìnrin náà ni kọ́kọ́rọ́ wà, òun ló ṣílẹ̀kùn. Orin tí ọkùnrin bá ti fo ọgbà wọlé nínú rẹ̀, kò sí nínú ìran Orin Sólómọ́nì, bó ti wù kó yá àwọn ọ̀rọ̀ ibẹ̀ lò tó.

Etí Yorùbá tètè gbọ́ èyí, nítorí ọgbà tiwa náà, ti ìdáàbòbò ló kọ́kọ́ jẹ́. Lẹ́yìnkùlé ní ìlú kéékèèké wa, igi àti ìmọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń sọgbà yí ẹ̀fọ́ ká kí ewúrẹ́ má baà wọlé. Nínú àdúrà, à ń ní kí Olúwa ṣe ọgbà yí wa ká. Nítorí náà, bí olórin wa bá pe olólùfẹ́ ní ọgbà, ohun tí etí wa ń retí láti gbọ́ ni ẹni tó wà nínú àti ẹni tó kù sóde. Gẹ̀ẹ́sì lè máa rí koríko títẹ́jú àti bẹ́ǹṣì níbẹ̀. Àwa ń rí ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀nà kejì gba ilé kéú kọjá, ó sì gbòòrò gan-an ní Ìlọrin. Àlùjánnà tí Kùránì ṣàpèjúwe, ọgbà ni, odò ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀. Ewì Lárúbáwá pẹ̀lú kún fún ọgbà. Ibn Zaydun, akéwì Kọ́dóbà ní ilẹ̀ Sípéènì ìgbà tí àwọn Mùsùlùmí ń ṣe ìjọba ibẹ̀, tí wọ́n bí ní 1003, fẹ́ Wallada, ọmọ kálífà tó jẹ́ akéwì fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n pínyà, ó kéwì sí i láti ọgbà àl-Zahra, ààfin kan nítòsí Kọ́dóbà. Nínú ewì náà, afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ ń ṣàárẹ̀ bí ẹni pé àánú rẹ̀ ló ṣe é, ìrì sì tẹ òdòdó lórí ba bí ojú tó ń sunkún fún ẹni tí kò rí oorun sùn. Obìnrin náà kọ́ ni òdòdó níbí o! Ẹlẹ́rìí ni òdòdó, ó ń bá ọkùnrin náà ṣọ̀fọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ orin tí olólùfẹ́ ti lọ, tí olórin wá jókòó sínú ọgbà tí wọ́n jọ ń rìn tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ tí òdòdó ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn.

Àwọn ará Páṣíà ní tiwọn fi ẹyẹ kún un. Nínú ewì Hafez ti ìlú Shiraz, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá, ẹyẹ bulbul a máa ké sí róòsì títí ilẹ̀ á fi mọ́, róòsì kò ní dá a lóhùn, ẹ̀gún sì wà lára rẹ̀. Olórin ni ẹyẹ, ẹni tí olórin ń fẹ́ ni róòsì. Àṣà yìí wọ inú ewì Úrídù ní Íńdíà, láti ibẹ̀ ló wọ inú orin fíìmù. Àwọn tó wo fíìmù Íńdíà nílé wa máa ń bi mí ìdí tó fi jẹ́ pé bí ìfẹ́ bá ti wọ̀ wọ́n lára, inú ọgbà ni wọ́n máa sá lọ. Ìdí pàtàkì kan ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwùjọ wọn àti àwọn tó ń yẹ fíìmù wò kò fẹ́ kí wọ́n máa fi ìfẹnukonu hàn ní gbangba. Bí ojú méjì bá ti ń súnmọ́ra, kámẹ́rà á yí kúrò, òdòdó méjì á fara kanra nínú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá mọ àmì náà ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ti Yúróòpù kò ní gbà wá lákòókò. Ní nǹkan bíi 1230, Guillaume de Lorris bẹ̀rẹ̀ ewì gígùn kan ní Faransé, Roman de la Rose, nípa ọ̀dọ́mọkùnrin tó lá àlá pé òun wọ ọgbà olódi, tí ìfẹ́ róòsì kan wá kó sí i lórí. Jean de Meun parí rẹ̀ ní bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, jíjá ni wọ́n sì já róòsì náà níkẹyìn. Ní 1819, ìwé kan jáde ní Parisi lórúkọ Charlotte de Latour, tó fún òdòdó kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Ibi tí ètò àwọ̀ tí wọ́n ń tà fún wa ní Fẹ́búárì ti rí ẹsẹ̀ fìdí múlẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé róòsì pupa ti ń jẹ́ ti ìfẹ́ ṣáájú ìwé náà tipẹ́tipẹ́. Àwọn ìwé yẹn kì í fohùn ṣọ̀kan lórí ìtumọ̀ òdòdó gbogbo, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi àwọ̀ òdòdó dá ìjà sílẹ̀.

Ibi tó ṣòro jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni èyí: ta ni wọ́n ń kọrin náà fún gan-an? Àwọn Júù ti ka Orin Sólómọ́nì gẹ́gẹ́ bí ìfẹ́ Ọlọ́run sí Ísírẹ́lì, àwọn Kristẹni kà á gẹ́gẹ́ bí ìfẹ́ Kristi sí ìjọ rẹ̀, ìdí nìyí tí lílì àfonífojì fi di orúkọ Jésù nínú orin ìyìn. Ní ilé kéú, àwọn tó ti jinlẹ̀ mọ Búrúdà, ewì tí al-Busiri kọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá. Bí ẹni tó ń ṣàárò olólùfẹ́ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ ewì náà, omijé tó dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ló fi ṣíde, kó tó wá hàn pé Ànábì ló ń yìn. Láàárín ewì náà, ó fi Ànábì wé òdòdó nítorí tútù rẹ̀, ó fi í wé òṣùpá nítorí iyì, ó fi í wé òkun nítorí ọrẹ. Nítorí náà, òdòdó nínú orin ìsìn kì í sọ pé orin náà ti bàjẹ́, kì í sì í sọ pé olórin ń fi ẹ̀sìn bo ọmọge lójú. Ọ̀nà ìyìn tó ti pẹ́ ni. Bí ìdààmú bá wà, ẹ tún padà sí ohun tí wọ́n ń ṣe sí òdòdó náà. Bí òdòdó bá ń tọ́ olórin sọ́nà, tó ń gbà á là, tó ń bẹ̀bẹ̀ fún un, kì í ṣe ọmọ aráyé kan lásán ló ń kọrin fún.

Àwọn olórin wa kò sì gba òdòdó bó ṣe dé. Ohun tí wọ́n ṣe sí i wù mí púpọ̀. Ní ilẹ̀ òkèèrè, rírọ òdòdó jẹ́ kókó orin: ìfẹ́ dára nítorí pé kò ní pẹ́. Olórin Yorùbá kì í lè sọ fún ẹni tó fẹ́ pé ìwọ yóò rọ, kó wá dákẹ́ síbẹ̀. Àdúrà ló máa sọ ọ́ dà: òdòdó mi, o ò ní rọ. Ẹ̀rù àwọn ìyá tó wà lábẹ́ kánópì, olórin ti gbọ́ ọ, ó sì ti fi àdúrà dá a lóhùn kí wọ́n tó la ẹnu.

Àdúrà kejì tí wọ́n máa ń fi kún un ni pé kí òdòdó náà so èso. Bí ọgbọ́n ìṣápá àti ilá ṣe wọ inú orin tuntun nìyẹn, mo sì mọyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá àwọn akọrin àti olóòtú ayẹyẹ sọ. Bó bá jẹ́ ìyàwó nìkan ni òdòdó, òun nìkan ni gbogbo òde ń wo ọwọ́ rẹ̀ fún èso láti ọjọ́ kìíní. Ẹrù yìí wúwo, mo sì mọ àwọn tó ti sunkún sí orin tí gbogbo ayé ń jó sí. Ẹ pe ọkọ náà ní òdòdó. Ẹ pe àwọn méjèèjì ní ọgbà kan. Èdè wa gbà á, obìnrin inú Orin Sólómọ́nì náà sì fi olùfẹ́ rẹ̀ wé igi eléso láàárín igi igbó, ó ní òun jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀.

Ohun mìíràn tó ń wù mí ni pé kí àwọn ọ̀dọ́ olórin Ìlọrin àti gúúsù Kwara wo òdòdó ilẹ̀ tiwa. Róòsì tí wọ́n ń pè nínú orin, ọ̀pọ̀ wọn kò tíì gbọ́ òórùn ojúlówó rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ti rin ọ̀nà Àjàṣẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kò tíì rí igi igbá, igi tí à ń rí irú lára rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá ti gbẹ koríko tán, tí ọ̀pọ̀ igi ti wọ́wé, ìgbà yẹn ni òdòdó tiẹ̀ ń jáde, ó pupa, ó rí roboto, ó so rọ̀ sórí okùn gígùn. Àdán ló máa ń wá mu omi dídùn inú rẹ̀ lóru, ibẹ̀ ló sì ti ń gbé àtíkè akọ inú òdòdó láti igi kan dé èkejì kí irú tó lè so. Olórin tó bá fẹ́ kọrin nípa ẹni tó dúró tì í nígbà tí nǹkan le, tó sì fẹ́ kí ìyá òun tó ń pàtẹ irú lọ́jà mọ ohun tí òun ń sọ láìsí alàyé, igi náà wà lẹ́bàá títì.